Ẹnìkan Kì í Dá Jàkadì: Agbẹjọ́rò àti Ẹjọ́ Mẹ̀kúnnù ní Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn nípa iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ wa, méjèèjì ni ó sì yẹ kí a takò. Ọ̀rọ̀ kìíní ni ti ará ọjà, tí ó máa ń sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo lọ́yà, pé ẹni tí ó bá ń gbèjà olè, olè ni òun náà. Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò fúnra wọn, tí wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ àwọn ni kí oníbàárà àwọn borí, pé adájọ́ ni kí ó máa wá òtítọ́ kiri. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ará ọjà kò mọ ohun tí ó ń bú, agbẹjọ́rò náà kò sì mọ gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ní Èkó ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú ti lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti bà jẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú ètò ìdájọ́ tí à ń lò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ètò yìí, ìjàkadì ni ẹjọ́. Olùpẹ̀jọ́ wà ní ọ̀tún, olùjẹ́jọ́ wà ní òsì. Oníkálukú yóò kó ẹ̀rí tirẹ̀ jọ, yóò pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, yóò sì fi ìbéèrè wá ẹlẹ́rìí ẹnì kejì nídìí. Adájọ́ kò ní wọ àdúgbò lọ láti wádìí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹni tí ń ṣọ́ agbo ìjàkadì ni ó jẹ́. Ohun tí àwọn méjèèjì bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò fi dájọ́. Èyí yàtọ̀ sí ètò àwọn Faransé tí àwọn ènìyàn wa ní Kétu àti Pọ́bẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, bá nílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ẹ̀sùn bá wúwo, adájọ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú ìdí ọ̀rọ̀ wò kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí olùjẹ́jọ́ kò bá rí ẹni bá a tú ìdí ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a tú u.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn baba wa ti kọ́ pé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ní apá méjì. Wọ́n ní, 'Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.' Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Wọn kò pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pè é ní òpùrọ́. Òṣìkà ni wọ́n pè é. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ìdájọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó dá lẹ́bi ni ó jẹ̀bi lóòótọ́, ìkà ni ó ṣe, nítorí pé kò gbọ́ ẹnu ẹnì kejì. Òwe kan ṣoṣo yìí tó láti dá ará ọjà lóhùn. Ẹni tí ń gbèjà ẹni tí a pè ní olè kò sọ pé olè jíjà dára. Ohun tí ó ń sọ fún àwọn tí ó pe ènìyàn ní olè ni pé: Báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Ta ni ó rí i? Àti ibo ni ó ti rí i? Bí ìdáhùn bá wà, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nílẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá sì sí, kí ni a fẹ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n fún? Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé ní abala 36, níbi tí ó ti sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú.

Ẹni tí ó bá ti ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ yóò rántí bí ikú Adétutù ti wáyé. Ìyálóde ni ó fi ẹ̀sùn oyún kàn án, Ìyálóde ni ó dájọ́, Ìyálóde náà ni ó sì pàṣẹ ikú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ènìyàn lè bẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìbéèrè. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìlú tí ó ní agbẹjọ́rò àti ìlú tí kò ní nìyẹn. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ wà lábẹ́ àánú ẹni tí ó ń bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń béèrè wà lábẹ́ òfin.

Ìtàn tilẹ̀ ti fi hàn wá ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá lé agbẹjọ́rò kúrò nílé ẹjọ́. Ní 1888 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Èkó. Láti ìgbà náà ni ará Èkó ti ní ọmọ ilẹ̀ wa tí ó lè gbẹnu sọ fún un níwájú adájọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lugard ṣètò àwọn kóòtù ìgbèríko ní 1914, ó ṣòfin pé agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ yọjú sí wọn. Ohun tí àwọn aláṣẹ wí ni pé àwọn agbẹjọ́rò a máa dá ìjà sílẹ̀, wọ́n a sì máa jẹ mẹ̀kúnnù lówó. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí èyí tí ará ọjà ń sọ lónìí. Títí di 1933 ni òfin náà fi wà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, a lè gbé ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú wá síwájú òyìnbó kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ òyìnbó náà ni yóò ṣe alákòóso ìlú tí yóò sì ṣe adájọ́, kí ẹ̀sùn náà jẹ́ ti ikú pàápàá, kí ó má sì sí ẹnìkan tí yóò dúró tì í. Ẹni tí ó bá ní kí a pa àwọn agbẹjọ́rò rẹ́, kí ó mọ̀ pé Lugard ti dán an wò. Olówó kọ́ ni ó jìyà rẹ̀.

A ti dá ará ọjà lóhùn. Ó wá kan agbẹjọ́rò.

Agbẹjọ́rò tí ó ní iṣẹ́ òun ni kí oníbàárà òun borí ní ìtàn tí ó lè fi ti ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1820, nígbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ lé Ayaba Caroline kúrò lórí oyè, agbẹjọ́rò ayaba náà, Henry Brougham, dìde níwájú àwọn ọlọ́lá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó sọ fún wọn pé ẹnìkan ṣoṣo ni agbẹjọ́rò mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ sì ni ẹni náà. Ó ní kò gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn bí ìgbèjà rẹ̀ bá tilẹ̀ fẹ́ kó ìdààmú bá gbogbo ìlú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn. Ṣùgbọ́n ta ni Brougham ń sọ̀rọ̀ fún? Obìnrin kan tí ọba, ìjọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin para pọ̀ dojú kọ ni. Ọ̀rọ̀ tí a sọ láti fi gba ẹni tí ọba ń lé ni àwọn kan wá gbé fún ọba kí ó fi máa lé ènìyàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1967, ilé-ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ nígbà náà là á mọ́lẹ̀ pé ojúṣe agbẹjọ́rò sí ilé-ẹjọ́ ga ju ojúṣe rẹ̀ sí oníbàárà lọ: kò gbọ́dọ̀ tan adájọ́ jẹ, bí èyí tilẹ̀ máa mú kí ẹjọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: àyè tí agbẹjọ́rò ní láti jà fún ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. A fún un ní àyè náà nítorí pé a gbà pé alátakò kan wà ní apá kejì agbo tí òun náà ń jà fún tirẹ̀, àti pé nínú ìjàkadì àwọn méjèèjì ni òtítọ́ yóò ti fara hàn. Bí kò bá sí alátakò, àyè náà ti parẹ́. Ẹnìkan kì í dá jàkadì. Bí alágbára kan bá wọ agbo, tí ó gbé ẹni tí a dì lọ́wọ́ dì lẹ́sẹ̀ ṣánlẹ̀, tí ó wá ń jó kiri pé òun dá ènìyàn, ẹ̀rín ni àwọn ọmọdé yóò fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Ajégúnlẹ̀. Orúkọ náà dùn létí: ajé ti gúnlẹ̀. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ́, Ùròbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni ó ń gbé ibẹ̀, inú yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n èbúté Àpápá tí ó wà nítòsí ni ajé ń gúnlẹ̀ sí ní tòótọ́. Ní Àpápá, ọkọ̀ òkun pàápàá ní agbẹjọ́rò. Òfin 1991 lórí ọ̀ràn ojú omi gba ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ láyè láti mú ọkọ̀ òkun nítorí gbèsè tàbí ìbàjẹ́. Mímú náà ni òfin pè é, bí a ti ń mú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń mú un. Ẹni tí ó fẹ́ mú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ adájọ́ lọ, kí ó fi ìbúra ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò san owó gbà-má-bìínú bí ó bá hàn pé kò yẹ kí òun mú un. Kò ní pẹ́ tí agbẹjọ́rò ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò fi dé. Wọn yóò fi ìwé báńkì ṣe ìdúró, ọkọ̀ yóò sì gba béèlì, yóò máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wá fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan wé ọkọ̀ yìí. A kò dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹnìkan, àpẹẹrẹ ọ̀pọ̀ ni. Kí a ní ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní alẹ́, ó gba Boundary kọjá, àwọn ọlọ́pàá tí ń wá àwọn adigunjalè sì kó òun àti gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ adájọ́ lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìlérí kankan. Òfin ìpìlẹ̀, abala 35, ní kí a gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàrin ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàrin ogójì kìlómítà. Ajégúnlẹ̀ sí ilé-ẹjọ́ májísíréètì ní Àpápá kò sì sún mọ́ iye yẹn rárá. Bí wọ́n bá gbé e débẹ̀, tí ẹ̀sùn náà jẹ́ ti ìdigunjalè, májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi í ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kìrìkìrì, kí ìwé ẹjọ́ rẹ̀ máa lọ sí ọ́fíìsì olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba fún ìmọ̀ràn. Ní 2007, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Èkó wá, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé irú ìfiránṣẹ́ yìí kò tako òfin ìpìlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú nìyí. Abala 35 kan náà ní kí a tú ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé sílẹ̀, pẹ̀lú béèlì tàbí láìsí béèlì, bí oṣù méjì bá kọjá tí a kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yọ ẹni tí a fura sí pé ó ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀ sílẹ̀. Ikú sì ni òfin Èkó kọ fún ìdigunjalè. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ọlọ́pàá bá kọ sínú ìwé ẹ̀sùn lásán ti tó láti gba asà lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ẹ̀rí kankan tó jáde. Òfin náà sọ síwájú sí i pé ẹni tí a bá tì mọ́lé láìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bìínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a béèrè? Agbẹjọ́rò ni. Bí a bá sì kà á láti ọdún dé ọdún, àwọn tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ ju ìdajì àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ètò náà ni kò dára. Nínú Kìrìkìrì kan náà ni a fi Hamza al-Mustapha sí, ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn lórí ikú Kúdíràtù Abíọ́lá, tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní 1996. Láti 1999 ni ìjọba ti gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga dá a lẹ́bi ní Oṣù Kìíní 2012. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá a sílẹ̀ ní Oṣù Keje 2013. Ohun yòówù tí olúkálukú ìbáà rò nípa àbájáde ẹjọ́ náà, àwọn agbẹjọ́rò kún apá méjèèjì agbo, a sì yẹ ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí wò tinú tẹ̀yìn. Ìjàkadì nìyẹn. Ẹni tí ó wà nínú yàrá kejì tí kò ní agbẹjọ́rò, odidi ọdún lè kọjá lórí rẹ̀ láìsí ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀. Ti ẹni tí ó ní ẹnu ni.

Kí ni a wá ń bá agbẹjọ́rò wí fún? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, ìsúnsíwájú ẹjọ́. Agbẹjọ́rò tí ó mọ̀ pé ẹjọ́ oníbàárà òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ a máa tọrọ ọjọ́ mìíràn, a tún tọrọ òmíràn, títí ẹlẹ́rìí yóò fi kó kúrò ní àdúgbò tàbí kí ó kú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn rí èyí, ó sì pàṣẹ pé apá kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ sún ẹjọ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ. Òfin kì bá tí fẹnu ba iye tí a lè sún un bí ìwà náà kò bá tíì di àrùn. Ẹni tí ó ń jà ni òun ń jà. Ẹni tí ó ń sá kiri nínú agbo kí ilẹ̀ lè ṣú kò jà rárá.

Èkejì, olùpẹ̀jọ́ ìjọba tí ó ka ẹ̀wọ̀n sí ìṣẹ́gun. Ìlànà ìwà tí a kọ fún àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní 2007 sọ ọ́ kedere pé ojúṣe àkọ́kọ́ ẹni tí ń pẹ̀jọ́ fún ìjọba kì í ṣe kí ó rí i pé a dá ènìyàn lẹ́bi, bí kò ṣe kí ó rí i pé a ṣe òdodo. Bí ó bá wá rí i nínú ìwé ẹjọ́ pé ẹ̀rí kan wà tí ó lè tú ọmọ Ajégúnlẹ̀ yẹn sílẹ̀, tí ó fi í pamọ́ nítorí pé kò sí agbẹjọ́rò ní apá kejì tí yóò béèrè rẹ̀, kò borí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣìkà ni.

Ẹ̀kẹta, àìwá. Gbogbo ènìyàn ni ó ń bú àwọn tí a ń pè ní 'charge and bail', àwọn agbẹjọ́rò tí ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ májísíréètì láti bá ènìyàn tọrọ béèlì. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá gba owó tí ó sì pòórá lára wọn yẹ ní bíbá wí. Ṣùgbọ́n àwọn yìí nìkan ni agbẹjọ́rò tí ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù máa rí láyé. Ẹ̀bi wọn kò tó ti àwọn àgbà amòfin tí ọ́fíìsì wọn fẹjú ní Àpápá, tí wọn kò mọ ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn yòókù ní ẹ̀kọ́ ìwà. Ẹni tí kò wá sójú agbo, kí ni ó fẹ́ fi ẹnu sí nínú ọ̀rọ̀ ìjàkadì?

Àwọn kan yóò ní agbẹjọ́rò náà ní láti jẹun, pé ìjọba ni ó yẹ kí ó ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba sì ti gbìyànjú. Láti 1976 ni òfin ìrànwọ́ agbẹjọ́rò ti wà. Ní 2000 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú sílẹ̀, tí ń gba ẹjọ́ rò láìgba owó. Ṣùgbọ́n òfin ìrànwọ́ ti 2011 fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ ṣe ààlà: ẹni tí owó tí ń wọlé fún un bá ju èyí lọ, ìrànwọ́ kò tọ́ sí i, àfi bí wọ́n bá ṣíjú àánú wò ó. Aláàárù tí ó bá fi díẹ̀ ju ààlà náà ti di olówó lójú òfin, síbẹ̀ kò lè san owó agbẹjọ́rò kan. Àlàfo yìí ni ó wà lọ́rùn àwọn agbẹjọ́rò. Àwọn nìkan ni òfin fún láṣẹ láti máa gba ẹjọ́ rò fún ènìyàn. A kì í gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí a wá ní kò kan wa bí òjò bá ń pa ẹni tí ó wà níta.

Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kọ̀ọ̀kan tí ń jẹ lára èbúté Àpápá máa gba iye ẹjọ́ kan rò lọ́dọọdún fún àwọn tí ó wà ní Kìrìkìrì láìní agbẹjọ́rò, kí Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò sì máa kà wọ́n. Kí a má sì pe èyí ní àánú. Owó ìwọlé sí agbo ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín. Nínú àròkọ alárìíyànjiyàn, ẹ máa ń kọ́ ọmọ pé kí ó kọ́kọ́ gbé èrò alátakò kalẹ̀ dáadáa kí ó tó fọ́ ọ. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kò jiyàn, ariwo ni ó pa, ẹ ó sì gé máàkì rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò burú bí a bá fi wọn àwọn tí ó wọ aṣọ dúdú níwájú adájọ́. Títí wọn yóò fi rí i pé ẹnì kejì wà nínú agbo, kí wọn má ṣe sọ fún wa pé àwọn borí.